Ìdánwò Wo?

Ẹ̀rọ báńkì kò ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, òrùlé ilé wa tún jò, ẹ̀wà alẹ́ sì dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Èyí tí ó há sí mi lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ tí ọmọdékùnrin kan bá ìyá rẹ̀ sọ níbi tí a jókòó sí ní báńkì tí a ń retí kí wọ́n dá wa lóhùn. Ó nàka sí èmi tí mo ń ka ìwé lọ́wọ́, ó ní, "Mọ́mì, ìdánwò wo ni ìyá yẹn fẹ́ ṣe?" Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó ní kí n má bínú. Mo ní kò sí ohun tí ó burú.

Kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀ lóòótọ́. Níbo ni ọmọ náà ti fẹ́ rí àgbàlagbà tí ó la ìwé sílẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan ń lé e? Ti JAMB àti WAEC ni ó ń rí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí tí ó ń rí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ rí i rárá, ni ti ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Bíbélì àti Kùránì wà, ṣùgbọ́n àwọn náà ní ọjọ́ ìdájọ́ nínú. Ọmọ náà kò purọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ta mí létí bí ẹni pé ó bú mi.

Ìwé ìtàn àròsọ tí ó wà lọ́wọ́ mi ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí D.O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Ilé-ìwé ni èmi àti ìwé náà ti kọ́kọ́ pàdé, ìpàdé náà kò sì dùn. A há orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn sórí, a to àfiwé àti àwítúnwí lẹ́sẹẹsẹ, Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé, sì di ìdáhùn ìbéèrè lójú mi dípò ènìyàn. Ìlà pẹ́ńsùlù ṣì wà lábẹ́ àwọn gbólóhùn tí olùkọ́ wa ní wọ́n lè béèrè. Mo ṣàkíyèsí pé kò sí ìlà kankan lábẹ́ àwọn ibi tí ó pani lẹ́rìn-ín.

Ẹ wo Àgbákò, abàmì ẹ̀dá inú ìwé náà. Ojú mẹ́rìndínlógún ni ó yí orí rẹ̀ ká, ó dé fìlà irin, ó wọ ẹ̀wù idẹ, ó sì wọ ṣòkòtò awọ. Nígbà náà lọ́hùn-ún, àpèjúwe ẹ̀dá ìtàn tí a ó gba máàkì lé lórí ni. Lálẹ́ àná, mo dúró níbi ṣòkòtò awọ náà, mo ń ronú nípa aránṣọ tí ó wọn ìdí abàmì ẹ̀dá yẹn, irú ẹnu tí ó fi ní kí ó dúró dáadáa, àti bóyá ó rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ mi béèrè ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

Fágúnwà kúkú ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ bí òun ṣe fẹ́ kí á ka ìwé náà: òun ni onílù, àwa ni oníjó, nígbà tí ẹ̀dá ìtàn kan bá sì ń sọ̀rọ̀, kí á fi ara wa sí ipò rẹ̀, kí á sọ ọ́ bí ẹni pé àwa gan-an ni. A ka ojú ìwé yẹn ní kíláàsì, kò sì sí ẹni tí ó jó. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìdánwò náà, ṣé n ó tilẹ̀ mọ Fágúnwà? Ilé wa kò ní ìwé kankan yàtọ̀ sí èyí tí ilé-ìwé bá ní kí á rà. N kò wá mọ ibi tí mo dúró sí mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí...

Ó jọ pé ìdánwò ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀. Lórí Goodreads, ìkànnì àwọn òǹkàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn a máa kọ iye ìwé tí wọn yóò kà lọ́dún sílẹ̀. Bí ọdún bá ń lọ sópin, àwọn mìíràn a máa wá ìwé tín-ín-rín kiri kí iye náà lè pé. Ta ló rán wọn níṣẹ́? Mo mọ̀ pé ó ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní iye tí mo ti kà.

Ohun tí ó ń dùn mí gan-an ni pé bí ọmọ náà ṣe nàka sí mi, mo yára pa ìwé dé, mo mú fóònù, mo sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ni ó dorí kodò sínú fóònù tiwọn, kò sì sí ọmọ kankan tí ó béèrè ìdánwò tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Apá Ilé Ìrágbèje nínú ìwé náà ni ó kàn báyìí, níbi tí ẹ̀kọ́ ìwà ti pọ̀ ju ìjà lọ, ibi tí àwa ọmọ ilé-ìwé kì í fẹ́ dé. Mo lè fò ó, mo sì lè kà á lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi ni ó wà. Àbúrò mi ti ránṣẹ́ pé kí n tètè kà á tán kí òun lè rí i gbà. Mo ní kí ó lọ ra tirẹ̀.