Stout inú àgbá igi l'Ágbádárìgì, òun àti àgbọn

Stout tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tó wà nínú fríìjì ìyá olọ́tí àdúgbò wa o. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Chicago ló gbé e wálé ní December, inú súwẹ́tà ló wé e sí kó má baà fọ́ nínú báàgì, ìgò dúdú kan báyìí tí ọtí inú ẹ̀ ò ju ìdajì lítà lọ. Bourbon County lorúkọ ẹ̀, ilé iṣẹ́ Goose Island ló ń pọn ọ́n níbẹ̀ ní Chicago, inú àgbá igi ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀, láti àwọn ọdún 1990s ni wọ́n sì ti wà lẹ́nu ẹ̀. Èmi fẹ́ràn stout gan-an, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ mu ún yó, ìkorò dúdú yẹn ni mo fẹ́ràn, òórùn ọkà tí iná ti kàn lára. Torí náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n sọ pé òun ń kó ìyàwó àti ọmọ lọ kí àwọn àna òun l'Ágbádárìgì, tó sì ní kí n bá àwọn lọ, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣí ìgò yẹn l'Ékòó, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí àgbọn wà.

Ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Láti Mile 2, níbi tí réèlì Blue Line dé ní 2023, a kọjá Ìyànà-Ìbá, a kọjá Okoko, a kọjá Ìjànikin, ibì kan á dáa ibì kan ò ní dáa, àwọn ọmọ ti sùn ká tó yọ sí Agbárá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fi Agbárá sílẹ̀ báyìí afẹ́fẹ́ á yí padà, ẹ̀ẹ́ máa rí igi àgbọn, àti àwọn tó kó èso ẹ̀ jọ sẹ́bàá títì tí wọ́n fi àdá dúró tì í. Kúlà wà lẹ́sẹ̀ mi nínú mọ́tò, yìnyín wà nínú ẹ̀, ìgò wà nínú yìnyín.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ káwọn ọmọ ẹ̀ rí Gberefu, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ọ̀sà, kí wọ́n tó padà sí òkè òkun, torí náà a ò kọ́kọ́ dé ilé àwọn àna, etí ọ̀sà la lọ tààrà. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì débẹ̀ rí, ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé yín sọdá, kò pẹ́ rárá, lẹ́yìn náà ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn láàárín igi àgbọn títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, níbi tí òkun ti yọ sí yín lójijì. Ẹni tó ń mú wa káàkiri fi kànga tó wà lójú ọ̀nà hàn wá, ó sọ nǹkan tí wọ́n fi ń ra èèyàn nígbà òwò ẹrú fún wa: ìbọn, dígí, agbòòrùn, tábà, rọ́ọ̀mù àti jíìnì. Ó ní inú àgbá igi ni ọtí yẹn máa ń wà tí wọ́n bá já a sí etíkun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n, èyí àkọ́bí, yíjú sí bàbá ẹ̀, ó ní Daddy, ṣé irú àgbá tí ọtí yín gbé inú ẹ̀ náà nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n ò dáhùn kíákíá. Nígbà tó yá ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àgbá igi náà ni. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé etí òkun yẹn la ti máa ṣí i, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wò mí, ó ní a ò ní ṣí ọtí kankan ní apá omi ibí yìí, jẹ́ ká gbé e lọ sílé. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń mu ọtí fàájì, tí mo bá sì rí àwọn tó gbé bíà lọ síbẹ̀ tí wọ́n ń ya fọ́tò, ó máa ń dùn mí.

A sọdá padà, a gba Máríńà kọjá níwájú ilé alájà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1845, a dé ilé Bàbá nígbà tí oòrùn ti rọ̀.

Ará Ògù, àwọn tí à ń pè ní Ègùn, ni Bàbá, ọjọ́ orí wọn ti lọ díẹ̀ ṣùgbọ́n ojú wọn dá ṣáká, stout sì ni ọtí tiwọn láti kékeré. Wọ́n ń sọ fún wa nípa ìgbà tí stout Ìkẹjà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí ní 1962 ni ilé iṣẹ́ Guinness ti wà ní Ìkẹjà, àti bí adùn ẹ̀ ṣe yí díẹ̀ lẹ́yìn 1988 tí ìjọba fòfin de kíkó bálì wọlé tí àwọn apọntí wa wá gbájú mọ́ ọkà bàbà. Èmi ò rí ohun tó burú nínú ọkà bàbà o, ilẹ̀ wa ló ti hù, ó sì dùn. Màmá ní tiwọn, àgbọn niṣẹ́ wọn: wọ́n ń fún epo ẹ̀, wọ́n ń se súìtì ẹ̀, gbogbo àgbàlá ló ń ta sánsán. Wọn kì í fẹnu kan ọtí.

Mo gbé ìgò jáde nínú kúlà, mo gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, a sì ń wò ó. Bàbá ní kí la ń dúró dè. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ní sùúrù Bàbá, ẹ jẹ́ kí òtútù ara ẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀." Bàbá ní, "Ìwọ ọkọ ọmọ mi, ṣé ọtí gbígbóná lo gbé wá fún mi láti Amẹ́ríkà?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Bíà wa lásán, ẹ lè mu ún kí eyín máa ta yín, kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n irú eléyìí, tí yìnyín bá ti mú un jù, òórùn ẹ̀ á sá pamọ́, dídùn ẹ̀ á sá pamọ́, ọtí líle nìkan lẹ máa gbọ́ lẹ́nu. Ní bíi ìwọ̀n 12 ti Celsius ló dáa, tí ìgò ò gbóná tí kò sì ta ọwọ́ mọ́. L'Ágbádárìgì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìyẹn ò gba àkókò púpọ̀.

Ife kékeré kékeré la lò, èyí tí Bàbá fi ń mu sódàbí, ìyẹn ògógóró tí wọ́n ń fi ẹmu sè. Ó ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó ki, ó dúdú kirikiri tó jẹ́ pé mo gbé e sókè sí iná mi ò rí òdìkejì, ìfófó ẹ̀ sì kéré, àwọ̀ búráùn tó ṣú, kí n tó sọ pé ẹ wò ó ó ti lọ.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, Malt wọn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kàn na imú sí ife Bàbá, wọ́n ní, "Ta ló fi àgbọn sí i?" Ẹ̀gbọ́n ní kò sí àgbọn ńbẹ̀ Màmá. Wọ́n tún gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ní, "Àgbọn wà ńbẹ̀. Àgbọn tí wọ́n yan ni."

Inú mi dùn gan-an nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí mo torí ẹ̀ gbé ìgò yìí wá sí Badagry nìyẹn. Kò sí àgbọn nínú ẹ̀ lóòótọ́ o. Igi ni. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé àgbá óákù tuntun tí wọ́n ti fi iná jó inú ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tọ́jú bourbon, ìyẹn ọtí líle wọn tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe jù, torí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo àgbá kan fún un, tí bourbon bá ti jáde wọ́n á tà á. Àgbá ńláńlá ni, ọ̀kan ń gba nǹkan bíi 200 lítà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Greg Hall tó jẹ́ olórí apọntí ní Goose Island nígbà yẹn gba irú àgbá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Jim Beam, ó da stout tó le dáadáa sí i, ó sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Óákù funfun ti Amẹ́ríkà yẹn ní nǹkan kan nínú tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní lactone, òórùn àgbọn gan-an lòórùn ẹ̀. Iná tí wọ́n fi jó inú àgbá ló ń mú fánílà jáde lára igi, òun náà ló ń sun ṣúgà ara igi di káráméèlì. Tí ooru bá mú, ọtí á wọ inú igi lọ, tí òtútù bá dé, á padà jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá níbẹ̀, àti bourbon tó ti mu sára igi tẹ́lẹ̀. Màmá ò mu ún, ọtí ò sì mọ̀ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n imú tó ti ń bá àgbọn ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá lọ bá a tààrà níbi tó wà.

Ó yá, adùn ẹ̀. Mo fi ètè kàn án, mo dá a dúró sẹ́nu. Ó dùn, dídùn gidi, ṣúgà tí wọ́n ti sun, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀pà sísun dé, álímọ́ńdì náà tẹ̀lé e, ṣokoléètì tó korò wà nísàlẹ̀, nígbà tí mo gbé e mì iná rọra bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun wá sí àyà, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá dúdú ló wá sọ́kàn mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra bàbá dúdú ní géètì ilé ìwé nígbà kékeré mọ ohun tí mò ń sọ, omi àgbọn àti ṣúgà tí wọ́n sè títí ó fi dúdú, ibi tó ti fẹ́ẹ̀ jóná yẹn gan-an. Ọtí inú ẹ̀ tó bíi 14%, bẹ́ẹ̀ stout Ìkẹjà tí à ń pariwo pé ó le, 7.5% ni. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìgò kékeré kan tó àgbàlagbà mẹ́ta láti ìrọ̀lẹ́ títí di alẹ́, tí kò sẹ́ni tó béèrè òmíràn. A ò sì wa mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé Bàbá la sùn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé oríṣiríṣi nǹkan ìpanu wá. Àgbọn gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́ wẹ́wẹ́ ló dáa jù, ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ mu díẹ̀, àgbọn ẹnu yín á pe ti inú ọtí jáde, ìkorò á rọlẹ̀. Ẹ̀pà sísun tó níyọ̀ díẹ̀ náà dáa. Súìtì àgbọn Màmá dùn jù fún un, adùn méjì ń jà, mo jẹ ìyẹn lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí mo mu tèmi tán. Ẹja ọ̀sà díndín dé, ẹja tútù tó dùn mọ́ eegun, ṣùgbọ́n ata ẹ̀ ò bá irú ọtí yìí lọ rárá, ata ń jó, ọtí ń jó, ẹnu ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ẹja yẹn, Malt ló yẹ ẹ́.

Bàbá ò sọ nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń mu ún díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yí ife lọ́wọ́. Nígbà tó yá wọ́n wọ iyàrá, wọ́n gbé ìgò sódàbí kan jáde tí egbò àti èèpo igi kún inú ẹ̀ dé ọrùn, àgbo ìdí àti ẹ̀yìn ríro, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò Chicago. Wọ́n ní, "Ohun kan náà ni. Àwa ń ki igi bọ ọtí, àwọn ń ki ọtí bọ igi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti ka oríṣiríṣi àlàyé nípa stout inú àgbá, kò sí èyí tó là mí yé tó báyìí. Igi ń sọ̀rọ̀ nínú ọtí nílẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́, a kàn ń lò ó fún oògùn, a ò tíì lò ó fún adùn ni.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Mo ní Bàbá, ká ní a rí àgbá, ká kọ́kọ́ fi sódàbí sínú ẹ̀ kó mu ún yó, ká wá da stout ọkà bàbà sí i lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi tó lè ṣe é, wọ́n ní ìrókò á korò jù, wọ́n ní igi orógbó á dáa ṣùgbọ́n ta ló máa fi ṣe àgbá. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn àgbá óákù kékeré wà tí wọ́n ń tà l'Ámẹ́ríkà, èyí tí ò gbà ju lítà márùn-ún lọ, wọ́n ti fi iná jó inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè wọ báàgì. Bàbá gbé ife sílẹ̀. "Gbé ọ̀kan wá tó o bá ń bọ̀ l'ọ́dún tó ń bọ̀. Màá ti bá ẹni tó ń se sódàbí sọ̀rọ̀, kó má ta èyí tó dáa tán."