Ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń ṣa ẹja nígbà ọyẹ́

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ ní agbègbè Kabba mọ bí omi ṣe ń rí láàárọ̀ oṣù Kejìlá. Òtútù ò sì ní ká má ṣa ẹja, torí àwọn tó ti tóbi á máa gbé àwọn kéékèèké mì.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ni mo rà. Kò pé wákàtí kan tí àrọ̀ kan fi ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ gún un ní àtàǹpàkò. Ihò náà ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, mi ò fura títí omi fi kún inú rẹ̀. Nígbà tí mo máa bọ́ ọ, ìka mi ti kú tipiri, mi ò lè so okùn àwọ̀n.

Mo wá lọ ra èyí tó nípọn gan-an. PVC, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe é, bó ṣe kan omi tútù báyìí, ó gan bí igi, ẹja sì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ti nitrile, irú rọ́bà àtọwọ́dá kan, ni mò ń lò báyìí. Ẹ̀gún kì í tètè gún un bíi rọ́bà lásán, ọ̀rá ẹja kì í sì í bà á jẹ́ kíákíá. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó rí ṣákiṣàki. Kó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, torí òkè lomi ti ń wọlé béèyàn bá bẹ̀rẹ̀ fa àwọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra èyí tó há. Rọ́bà fúnra rẹ̀ kì í mú ọwọ́ gbóná; afẹ́fẹ́ inú aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Àwọn tó ń wẹdò lọ sísàlẹ̀ òkun tútù ní Norway náà máa ń wọ ìbọ̀wọ́ irun àgùntàn sábẹ́ ti rọ́bà. Tèmi, ti òwú ni. Tó bá há mọ́ ìka, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè rìn.

Kí n tó sanwó, mo máa ń ká ọrùn rẹ̀ bí ẹni ká ẹnu àpò gààrí, kí afẹ́fẹ́ lè kún ìka, màá wá gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ mi, mo dá a padà. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń yí inú rẹ̀ síta, mo sì ń sá a sábẹ́ ibòji, torí oòrùn a máa mú rọ́bà là. Èyí tí mo rà ní ọyẹ́ ìdúnta ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo tíì lẹ̀.