Ilé onípákó fún rélùwéè kékeré: ẹ kùn ún tinú-tẹ̀yìn kí ọyẹ́ tó dé

Ilé onípákó kékeré tí a ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè àfiṣeré, tí wọ́n fi lésà (ìtànṣán iná tó ń gé nǹkan) gé, kò le tò. Ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ti wà lára pákó pẹlẹbẹ, ẹ̀ka tín-ín-rín ló so wọ́n mọ́ ọn. Ọyẹ́ ló ń ba tiwa jẹ́ láti Abuja títí dé Kano. Pákó tó fẹ́lẹ́ tó mílímítà 1.5 máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ bí ọyẹ́ bá dé. Bó bá jẹ́ iwájú nìkan lẹ kùn, ẹ̀yìn á yára gbẹ, á sún kì, ògiri á wá ká bí èèpo ọsàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó gé ohunkóhun kúrò, ẹ fi tínà la sanding sealer, ìyẹn ọ̀dà tí àwọn káfíńtà fi ń dí ojú pákó, kí ẹ kun iwájú àti ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀dà tí a fi omi là kò dára fún èyí, ó máa ń jẹ́ kí irun pákó dìde. Ẹ má kun àwọn ẹ̀yà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn o; tínà á tú gọ́ọ̀mù náà. Bó bá gbẹ, ẹ fi sáńdípépà 400 rà á lẹ́ẹ̀kan.

Abẹ tuntun ni kí ẹ fi gé ẹ̀ka wọ̀nyí, láti ojú iwájú. Bí ẹ bá fọwọ́ ṣẹ́ ẹ, pákó á là. Ẹ má da pákó tó kù nù: ẹ gé e sí ọ̀pá fífẹ̀ mílímítà 4, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ògiri ní ìdábùú ìlà pákó, láàárín sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 síra wọn. Ẹ fi àyè tó tó nínípọn ògiri kejì sílẹ̀ ní igun. Gúlù funfun díẹ̀ ti tó. Omi inú rẹ̀ pẹ̀lú ń ká pákó. Ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, kí ẹ fi táìlì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́jú.

Lésà máa ń jó etí pákó dúdú. Ẹ rà á díẹ̀ kí gúlù lè mú un, àmọ́ bí ẹ bá rà á jù, igun ò ní wọ ara wọn mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gé tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù, plywood mílímítà 3 dára fún HO, ìyẹn ìwọ̀n rélùwéè àfiṣeré 1:87, tí mílímítà 1 dúró fún mílímítà 87 ohun gidi. Ó dúró fún ògiri sẹ̀ǹtímítà 26, èyí tí kò jìnnà sí búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 tiwa. Ilẹ̀kùn mítà 2.1 á jẹ́ mílímítà 24. Irin lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: àyè àárín irin méjèèjì ní ojú irin Abuja sí Kaduna, mílímítà 1435, á jẹ́ 16.5 ní HO, àmọ́ ti àtijọ́ láti Èkó dé Kano, 1067, kò ju bíi 12 lọ. Ilé kan náà bá méjèèjì mu.

Súpà gúlù kò yẹ fún ike fèrèsé. Èéfín rẹ̀ á sọ ọ́ di funfun. Gúlù funfun ni kí ẹ lò níbẹ̀.