Mo gbé àwo orin bàbá mi lọ sí Munich, búrẹ́dì ni wọ́n fi jà mí lólè

Ẹ jẹ́ kí n ti orí búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣì ń dùn mí. Bí ẹ bá dé Munich ní Jámánì, tí ẹ jókòó sílé oúnjẹ, tí ẹ wá rí apẹ̀rẹ̀ kékeré lórí tábìlì tí búrẹ́dì lílọ́ tí wọ́n ń pè ní Brezn wà nínú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Kì í ṣe sààrà. Wọ́n ti kà á sílẹ̀. Èmi tí mo ti kúrò nílé ní Peckham, ní London, láti aago méjì òru, tí mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, mo jẹ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé. Nígbà tí ìwé owó dé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé e síwájú mi kẹ̀." Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ ní, "Ẹ̀yin náà lẹ jẹ ẹ́." Kò rẹ́rìn-ín. Mo na káàdì sí i, ó ní kéèṣì nìkan làwọn ń gbà. Bí mo ṣe fi báàgì mi dógò nìyẹn, tí mo ń rìn káàkiri ọjà Viktualienmarkt, tí mò ń wá ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń gba owó.

Ká tiẹ̀ ní oúnjẹ náà dùn. Ṣọ́sééjì funfun méjì ni, nínú omi gbígbóná, nínú ìkòkò tó ní ìdérí. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé wọn ò tíì sè é. Ẹ ní láti bó awọ rẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́, ohun tí wọ́n sì gbé tì í jẹ́ mọ́sítáàdì tó dùn bí oyin. Kò sí ata. Mo fa ata gígún tí mo máa ń tọ́jú sínú báàgì yọ, mo wọ́n ọn sí i. Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí bí ẹni pé mo da epo sí aṣọ rẹ̀. Kò kàn mí.

Kí ló gbé mi débẹ̀? Sípíkà ni.

Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe ìpàtẹ kan tó ń jẹ́ High End, níbi tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin olówó ńlá ti máa ń kó ọjà wọn jáde. Frankfurt ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e wá sí Munich ní 2004, ti 2025 sì ni wọ́n ní yóò kẹ́yìn níbẹ̀, pé láti 2026 Vienna ló kàn. Mo ní kí n lọ kí wọ́n tó kó kúrò. Oríṣi sípíkà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́: èyí tí wọ́n ń pè ní line source, sípíkà tó ga láti ilẹ̀ títí dé tòsí àjà.

Ilé ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Mo wọ pálọ̀ rẹ̀, mo rí pákó méjì fẹ̀ǹfẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Mo rò pé wọ́n fi ń pín yàrá ni. Mo gbé báàgì mi tì í. Ó pariwo! Sípíkà Magnepan ni, láti Minnesota ní Amẹ́ríkà, èyí tí ẹnjiníà kan ní ilé iṣẹ́ 3M, Jim Winey, bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Nígbà tó tan orin sí i, mo dìde, mo lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀. Látọjọ́ náà ni nǹkan yìí ti wọ̀ mí lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ ọgbọ́n inú rẹ̀, kódà bí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn sípíkà tí wọ́n máa ń so kọ́ sókè bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi krúséèdì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Faransé kan, Christian Heil, ló sọ tìyẹn di ohun tí gbogbo ayé ń lò láti bí ọdún 1992. Sípíkà kékeré inú àpótí máa ń tú ohùn ká gbogbo ìhà bí bàlúùnù tí wọ́n ń fẹ́: bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ohùn á fi 6 dB wálẹ̀ (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó). Line source, tí mo ń pè ní onílà gígùn, kì í tú tirẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé e lọ, nítorí náà 3 dB péré ló ń fi wálẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá tíì jìnnà jù. Àjà àti ilẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dá ohùn padà láti da orin rú. Mo ti kà gbogbo èyí. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Àwo bàbá mi ni mo sì fẹ́ fi dán an wò. Àwo àpàlà ni, èyí tó rà kí wọ́n tó bí mi, tó máa ń lù lórí rédíógíráàmù rẹ̀ ní Òkè-Àdó lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Èmi fúnra mi ni mo fi ojú rẹ̀ ha ilẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Apá náà wà níbẹ̀ títí dòní, ó sì máa ń ta pó ní gbogbo ìgbà tí àwo bá yípo. Mo fi páálí líle méjì há a láàárín, mo gbé e dání wọ ọkọ̀ òfurufú. Ní pápákọ̀ òfurufú Stansted, ọmọbìnrin kan tú gbogbo ẹ̀, ó gbé àwo náà sókè síná, ó ní kí ni èyí. Mo ní orin ni. Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́?" Ọmọ ayé tuntun.

Ẹ̀bi tó kàn, tèmi ni. Ọjọ́bọ̀ ni mo dé, mo sì gba ọkọ̀ ojú irin U6 lọ tààrà sí Kieferngarten, ibẹ̀ lẹ ti máa sọ̀ lọ sí MOC tí ìpàtẹ náà wà. Sátidé ni tíkẹ́ẹ̀tì mi wà fún. Mo rò pé ọjọ́ tó bá wu èèyàn ló lè lò ó. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ka tíkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọjọ́ àwọn oníṣòwò ni Ọjọ́bọ̀, kí n padà wá ní ọjọ́ tèmi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá. Ó ní òun náà ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ̀dùn ọkàn yìí ni mo gbé lọ sí ọjà tí mo ti lọ jẹ búrẹ́dì olówó iyebíye. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa.

Òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? 190 Yúrò lálẹ́ kan, fún yàrá tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kan ògiri lọ́tùn-ún àti lósì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wò ó lórí fóònù, 85 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà tí mo bi ọmọ tó wà nídìí tábìlì, ó ní, "Ìpàtẹ ni, Madam." Bí ẹ bá fẹ́ lọ irú ibẹ̀, ẹ gba yàrá sẹ́yìn ìlú, ẹ máa wọ tíréènì. Ọjọ́ Ẹtì, oorun ni mo fi lò.

Sátidé dé. Ilé náà tóbi, yàrá kéékèèké pọ̀ lókè yípo, orin oríṣiríṣi ń jáde láti ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin ló kún ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn mi ló ń wò, bóyá ọkọ mi ń bọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ bi mí bóyá ó ti rẹ̀ mí, pé àga wà níta. Mo bi í léèrè iye ohm (òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) tí sípíkà rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ánpù, ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára. Ó wá fún mi ní àga inú.

Yàrá àkọ́kọ́ tí mo ti rí onílà gígùn, òpó méjì ni, ó ga jù mí lọ dáadáa, sípíkà kéékèèké tò sára rẹ̀ láti òkè délẹ̀ bí bọ́tìnì ẹ̀wù àlùfáà. Èèyàn ti kún, ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, tí ilẹ̀kùn ń gbá mi lẹ́yìn. Orin ọmọbìnrin tó ń fi gìtá kọrin bí ẹni tó ń sùn lọ ni wọ́n ń lù. (Orin kan náà ni wọ́n ń lù ní yàrá mẹ́ta. Ṣé kò sí orin mìíràn láyé ni?) Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan: ohùn rẹ̀ kò jìnnà. Mo fi ọgbọ́n súnmọ́ iwájú, kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo sí i. Yẹtí mi jábọ́, mo bẹ̀rẹ̀ wá a nílẹ̀, níbẹ̀ láàárín bàtà àwọn èèyàn, ohùn náà ṣì dúró bó ṣe wà. Ní yàrá tó tẹ̀lé e, tí sípíkà wọn jẹ́ ti àpótí, bí mo ṣe dìde lórí àga báyìí ni ohùn kọ́ńgọ́ irin tó ń dún wínní nínú orin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Nígbà tí orin parí, mo padà sí yàrá àkọ́kọ́ yẹn, mo na àwo bàbá mi sí ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀. Ó fi ìka méjì mú un bí ẹni mú ẹja tó ti jẹrà. Ó ní abẹ́rẹ́ àwọn wọ́n. Mo kó àwo mi.

Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí, mo ti fẹ́ máa lọ, ni mo bá rí yàrá kékeré kan ní ìkángun. Bàbá arúgbó kan ló dá wà níbẹ̀ pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ méjì, ìdúró wọn tó mítà méjì. Ó rí àwo lọ́wọ́ mi kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó." Ó gbé e sórí aṣọ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nu ún yípo yípo, ó fi ìka wá ibi tí mo ha, ó mi orí. Ó bi mí bóyá mono ni, ìyẹn èyí tí ohùn kan náà ń jáde nínú sípíkà méjèèjì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ bọ́tìnì kan lára ánpù, ó ní ìdajì ariwo eruku náà á kú nìyẹn. Ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹ gbọ́ mi o: mo ti ń gbọ́ àwo yìí láti kékeré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni mo gbọ́ pé ẹni tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á kí ó tó jù ú. Ohùn méjì ni, "ṣà" àti "pẹ̀" kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Gángan dé, mo gbọ́ bó ṣe ń fún ọsán mọ́ra tó sì ń tú u sílẹ̀. Olórin ṣí ẹnu. Mi ò lè parọ́, omi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹnu olórin náà ga tó ilẹ̀kùn! Bí sípíkà ṣe ga ni ohun gbogbo ṣe ga. Ó dúró sí àárín pákó méjèèjì bí ìrókò tó ń kọrin. Ibi tí mo ha náà sì dé, pó, láti ilẹ̀ dé àjà. Ìwà ọmọ ọdún mẹ́fà mi ga tó mítà méjì ní Munich. Bàbá náà bá mi rẹ́rìn-ín, ó ní àléébù rẹ̀ nìyẹn, gìtá á tóbi bí pẹpẹ.

Àléébù kejì kò pa mí lẹ́rìn-ín. Àgídìgbo kò ní ikùn. Lórí rédíógíráàmù bàbá mi, àgídìgbo máa ń mi àga. Níbí, mò ń gbọ́ ìka lórí irin rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ kò dún sí mi láyà. Bàbá náà ṣàlàyé pé pákó náà kò ní àpótí lẹ́yìn, iwájú àti ẹ̀yìn ló ń tú ohùn sí, ohùn ìsàlẹ̀ tó ti ẹ̀yìn wá á yí ká, á pa ti iwájú. Ó ṣí aṣọ ojú rẹ̀ fún mi. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà ni, wọ́n nà án gbọọrọ sínú férémù, wáyà lẹ̀ mọ́ ọn, mágínẹ́ẹ̀tì tò sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún àwọn ohùn tó ga. Ó ní òun fẹ́ ẹyọ kan gígùn ju sípíkà kéékèèké tí wọ́n tò jọ lọ, torí bí wọ́n bá jìnnà síra wọn, ohùn tó ga á máa ta ko ara wọn. Mo fi ìka kan ike náà díẹ̀, ó mì. Mo ní, "Bàbá, awọ ìlù nìyí." Ó ní kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Ó bi mí kí ni ìlù tó ń fọhùn yẹn ń sọ. Mo ní ó ń ki olówó kan ni, kó lè fún un lówó. Ó ní òun náà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Mo bi í ní iye. Ó sọ 28,000 Yúrò, láìka ánpù, ánpù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lágbára, torí 4 ohm ni, iná ló ń jẹ. Mo dúpẹ́. Mo mu omi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń wo ìparí FA Cup ní ìsàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Eze wa gbá góòlù kan ṣoṣo tí Crystal Palace fi na Manchester City, mo pariwo débi pé wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n náà sí mi. Mo pe Bàbá Tólú, mo ṣàlàyé gíga sípíkà náà, pé ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri tó mítà kan. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìyá Tólú, ṣé sípíkà lo fẹ́ rà ni àbí ilẹ̀kùn?" Mo ní àjà wa gbà á. Ó ní àjà gbà á lóòótọ́, ṣé a ó máa jókòó sí kíṣìnì?

Bàbá arúgbó náà ti kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà náà lórí íméèlì. Ó fẹ́ ra àwo náà, pẹ̀lú pó rẹ̀. Iye tó dárúkọ ju gbogbo owó òtẹ́ẹ̀lì mi lọ. Mi ò ní tà á. Ṣùgbọ́n mo ti pe Màmá ní Ìbàdàn pé kó bá mi wo inú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bóyá òmíràn kù. Ó ní márùn-ún ló wà níbẹ̀, eku ti jẹ páálí wọn, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ṣe àwọn àwo.