Olùṣọ́ Tánkì Omi: Wáyà Tó Ń Há, àti Ìdí Tí Mo Fi Ń Kó Lọ Sórí RS-485

Àwọn tó ti ń bá àkọsílẹ̀ yìí bọ̀ mọ ibi tí a bá iṣẹ́ dé. Àpótí ìdarí ti wà lára ògiri ẹ̀yìn ilé wa ní Adó-Èkìtì, kọntákítọ̀ (ṣíwíìṣì ńlá tí iná ń darí) ń tan púǹpù 1 hp ó sì ń pa á, ADS1115 (ẹ̀yà kékeré tó ń sọ iná sẹ́ńsọ̀ di òǹkà) ń ka sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí omi ṣe ń tẹ ìsàlẹ̀ tánkì, òǹkà rẹ̀ sì bá ti ọ̀pá ìwọ̀n mu. Ìyẹn ti tán. Ohun tó gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ mi lọ́sẹ̀ yìí ni ojú ìfihàn kékeré tí màmá wa ní kí n gbé sí ilé ìdáná, kí wọ́n lè máa rí iye omi tó kù láìjáde síta.

Àìsàn rẹ̀ rí báyìí. Bí tánkì bá kún tí kọntákítọ̀ sì tú sílẹ̀, òǹkà á dúró sójú kan. Ojú ìfihàn á máa sọ pé omi wà ní 97%, bẹ́ẹ̀ ni a ti fi omi náà wẹ̀, a ti fi fọ aṣọ, ẹnu ẹ̀rọ omi sì ti ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Èyí tó burú jù ni pé ADS1115 àti ojú ìfihàn jọ wà lórí I2C kan náà (wáyà méjì tí àwọn ẹ̀yà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), nítorí náà bí ọ̀kan bá há, ẹ̀rọ náà kò mọ iye omi mọ́, kò sì ní tan púǹpù. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣẹlẹ̀. Ó lè tan, kó kú, kó tún tan láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìsí wàhálà kankan. Ìgbà tí a bá ti ní ó ti sàn ni yóò tún há. Watchdog, ohun tó ń tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ bí kóòdù bá dúró, kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí kóòdù kò dúró rárá: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí FreeRTOS (ètò tó ń pín àkókò fún àwọn iṣẹ́ inú kóòdù) pín ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ, iná kékeré ara pátákó náà ń ṣẹ́jú bó ṣe yẹ, I2C nìkan ni kò dáhùn.

Àbúrò mi, tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní ọgbà Ìkọ̀lé ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ló kọ́kọ́ dá àbá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, iná ló ń lọ sílẹ̀ nígbà tí kọntákítọ̀ bá tú.” Àbá tó mọ́gbọ́n wá ni, ó sì ṣeé dán wò. Mo ní kó ṣí ìwé STM32F103, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí àpótí wa, kó wá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìdí tí ẹ̀rọ fi tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn RCC_CSR, kó sì kà á lẹ́yìn tí ojú ìfihàn bá ti há. Kò sí àmì àtúnbẹ̀rẹ̀ tuntun kankan níbẹ̀. A fi oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí iná ṣe ń lọ sókè sódò) tí mo yá wo wáyà 3.3 V, kò mì. A sì pa àbá náà tì. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi bí èèyàn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ yìí: ibi tí ọmọ náà ti ń wá RCC_CSR nínú ìwé tó ju 1,000 ojú ewé lọ, tó sì rí i fúnra rẹ̀, ti kọ́ ọ ju ọ̀pọ̀ fídíò tí wọ́n ti ń tan iná tí wọ́n sì ń pa á lọ.

Irinṣẹ́ tó tú àṣírí náà ni logic analyser (irinṣẹ́ tó ń fi hàn ìgbà tí wáyà wà lókè àti ìgbà tó wà nísàlẹ̀) olójú 8, oní 24 MHz, tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì mi. A so ó mọ́ wáyà méjèèjì ti I2C, SDA tó ń gbé ọ̀rọ̀ àti SCL tó ń lu àkókò, a ṣí PulseView, ètò tó ń fi àwòrán rẹ̀ hàn, a sì jókòó dè é. Nígbà tí ó há, àwòrán rẹ̀ hàn kedere: SCL wà lókè, SDA wà nísàlẹ̀, kò sì sí èyí tó mira mọ́. ST-Link, irinṣẹ́ tí a fi ń wo inú STM32, náà jẹ́rìí sí i, nítorí nígbà tí a dá kóòdù dúró, àmì BUSY ti I2C wà ní 1, gbogbo ìbéèrè wa ló sì ń padà wá pẹ̀lú HAL_BUSY, ìyẹn “ọwọ́ dí”.

Kí ẹni tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè bá wa lọ, mo ní láti ṣàlàyé. Philips ló ṣe I2C ní 1982, kí àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ẹ̀rọ kan náà, bíi tẹlifíṣọ̀n, lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì. Kò sí ẹni tó ń ti wáyà náà lọ sókè: rẹsísítọ̀ ló ń fà á gòkè, ẹnikẹ́ni nínú wọn sì lè fà á wálẹ̀. Nígbà tí iná 240 V bá kúrò lára kọ́ìlì kọntákítọ̀, agbára tó kù nínú kọ́ìlì náà ń wá ọ̀nà jáde, ó ń ta pàrà, ariwo rẹ̀ sì ń wọ inú wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lásìkò tí ADS1115 ń kà fún ọ̀gá (STM32F103 tó ń darí ọ̀rọ̀), òǹkà àwọn méjèèjì á yàtọ̀ síra. Ọ̀gá á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. ADS1115 á rò pé ó ku díẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé 0 ló kàn láti sọ, á di SDA mú sísàlẹ̀, á máa dúró de SCL. Ọ̀gá kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun nígbà tí SDA bá wà nísàlẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń dúró de ara wọn nìyẹn, títí tí a ó fi yọ iná.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ṣùgbọ́n ìwé ìlànà I2C ti fi ọ̀nà náà hàn: kí ọ̀gá lu SCL lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ẹni tó di SDA mú á sọ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, á sì tú u sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ọ̀gá fún un ní STOP, àmì pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lórí STM32F103, a ní láti kọ́kọ́ gba ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lọ́wọ́ I2C, kí a sọ wọ́n di ẹsẹ̀ lásán tó lè fa wáyà wálẹ̀ tí kò lè tì í gòkè, kí a lu SCL, kí a tún ẹ̀yà I2C fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SWRST, kí a tó dá ẹsẹ̀ padà fún un. Àbúrò mi ló kọ ọ́. Ó ṣiṣẹ́. Ojú ìfihàn ṣì ń há, ṣùgbọ́n kí a tó mọ̀ pé ó há, ó ti jí. Òǹkà tó bá sì ti pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ ti di àmì ìdábùú lójú ìfihàn, kó má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìyẹn tọ́jú àìsàn, kò tíì kan orísun rẹ̀. Fún orísun, mo fi rẹsísítọ̀ 100 Ω àti kapásítọ̀ 0.1 µF tò tẹ̀lé ara wọn sórí kọ́ìlì, mo sọ rẹsísítọ̀ I2C di 2.2 kΩ dípò 10 kΩ, mo sì dín ìyára rẹ̀ kù láti 400 kHz sí 100 kHz. Kapásítọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú X2 tí wọ́n ṣe fún iná ilé, nítorí pé irú mìíràn lè gbiná. Ohun tí ẹ ó bá lórí àtẹ ní Adó ni ti fáànù àti ti amúgbóhùn. Ẹ má ṣe pààrà ọjà. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ibi tí iná ti ń wọ inú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú ni X2 máa ń wà, ẹ kàn wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lò ó.

Níwọ̀n bí mo ti dé ẹnu ọ̀rọ̀ ọjà: pátákó STM32F103 kejì tí wọ́n fi wébìlì ránṣẹ́ sí mi láti Èkó kì í ṣe ti ST. OpenOCD, ètò tí a fi ń kó kóòdù sínú pátákó, kọ̀ láti gbà á, ó ní òun rí òǹkà ìdánimọ̀ 0x2ba01477 níbi tí òun ti ń retí 0x1ba01477. Ayédèrú ni, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n tẹ̀ sí i lórí. Ó ń ṣiṣẹ́ tí ẹ bá yí òǹkà náà padà nínú ètò OpenOCD, ṣùgbọ́n n kò ní fi sínú ohun tí màá gba owó lé lórí.

Ibí yìí ni mo ti yí ètò padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ òní, èrò mi ni láti ra wáyà tó ní ìbora, kí I2C sì máa lọ sí ilé ìdáná bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí i pé ibi tí I2C kò yẹ ni mo ń gbé e lọ. Ojú ìfihàn náà yóò ní pátákó tirẹ̀ (ayédèrú yẹn ti ríṣẹ́), I2C yóò dúró sínú àpótí, RS-485 ni yóò sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Wáyà méjì tí a lọ́ pọ̀ ni RS-485 ń lò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló ń kà, nítorí náà ariwo tó bá wọ inú méjèèjì bákan náà kò já mọ́ nǹkan. Ó lè rìn tó mítà 1,200. Tiwa kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn. Ẹ̀yà tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ pátákó di RS-485, MAX3485 tó ń lo 3.3 V ni mo fẹ́, kì í ṣe MAX485 tó ń béèrè 5 V, rẹsísítọ̀ 120 Ω yóò sì wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì.

Èdè tí wọn yóò máa sọ ni Modbus RTU, mo sì jẹ́wọ́ pé kì í ṣe nítorí tánkì nìkan ni mo fi yàn án. Modbus ti wà láti 1979, ọ̀pọ̀ ínfátà àti mítà iná tí wọ́n ń tà ló sì ń sọ ọ́. Iṣẹ́ ínfátà ni mo fi ń jẹun, àwọn oníbàárà sì ti ń béèrè bóyá wọ́n lè máa wo bátìrì wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá lè kọ kóòdù tó ń ka ínfátà lórí Modbus ní ohun tó lè tà ní Èkìtì níbí láì kó lọ sí Èkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹyin di ọmọ adìyẹ, adágún ẹja, àti oko wàrà bíi ti Ìkún-Èkìtì: níbi tí ooru tàbí omi bá ti ní ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, iṣẹ́ wa wà níbẹ̀.

Àbúrò mi béèrè ibi tí kó lọ fún SIWES (ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-iṣẹ́), tí ó jẹ́ oṣù 6 fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Mo sọ fún un pé kó má wo orúkọ ilé-iṣẹ́, kó wo bóyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ń kọ firmware (kóòdù inú ẹ̀rọ) tàbí ń ya pátákó. Bí kò bá sí, wáyà ni yóò máa gbé kiri. Àwọn ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bíi 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní sọ́fítíwíà àti ìtúpalẹ̀ dátà, kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì sì tó fún ìyẹn. Tiwa ń béèrè èdè C, irinṣẹ́ ìwọ̀n, àti ohun tó lè jóná. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe láti ilé fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n pátákó wọn gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì rẹ kí o tó lè ṣe é, ẹrù àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù sì máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ohun tí mo ní kó kó lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni àwòrán PulseView tí a rí yìí àti kóòdù tó tú SDA sílẹ̀. “Kí lo máa ṣe bí ẹ̀yà kan bá di SDA mú?” jẹ́ irú ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ràn láti máa bi ẹni tó ń wá iṣẹ́ yìí, òun sì ti ní ìdáhùn tirẹ̀.

MAX3485 ti wà lọ́nà láti Èkó. Kó tó dé, àbúrò mi ń kọ CRC-16 ti Modbus, òǹkà tó ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, lórí kọ̀ǹpútà, kó lè dán an wò láìsí wáyà kankan; èmi ń gbẹ́ ihò fún páìpù tí wáyà yóò gbà dé ilé ìdáná. Ẹ̀yin tí ẹ ti so RS-485 mọ́ ínfátà rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi bóyá ẹ so ilẹ̀ (GND) àwọn pátákó méjèèjì pọ̀ tàbí ẹ lo èyí tó yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá, nítorí n kò tíì ra agbára iná fún pátákó ilé ìdáná.