Die Fledermaus ti Carlos Kleiber: ẹ tẹ́tí sí ìlù kejì

Ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́

Die Fledermaus tí Carlos Kleiber, olùdarí ẹgbẹ́ olórin, gbà sílẹ̀ ní Munich lọ́dún 1975 ló ń dún lónìí. Johann Strauss Kejì ló kọ eré orin náà, Theater an der Wien ní Vienna sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 1874.

Ìlù wọ́ọ̀sì, ijó tí a mọ Vienna mọ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ fetí sí. Mẹ́ta ni lílù rẹ̀. Báàsì, àwọn ohun èlò olóhùn ìsàlẹ̀, ló ń lu àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ fáólìnì kejì àti fíólà, tó tóbi díẹ̀ ju fáólìnì lọ, ló ń lu méjì yòókù. Ní Vienna, ìkejì máa ń yára wọlé díẹ̀, àlàfo á sì wà kí ìkẹta tó dé. Bí wọ́n bá lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́gbọọgba, ijó á gan. Bí wọ́n bá sì ṣe é láṣejù, orin á máa tiro. Kleiber mọ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ẹ má fi fóònù lásán gbọ́ ọ o, torí ohùn àárín wọ̀nyẹn ló máa kọ́kọ́ sọnù.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni orin ẹlẹ́ni mẹ́ta ní apá kìíní. Eisenstein fẹ́ lọ ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́jọ, ìyàwó rẹ̀ Rosalinde sì ń dárò pé òun nìkan ni yóò kù nílé. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀: òde àríyá ni ọkọ ń lọ, Adele ọmọ ọ̀dọ̀ náà ń lọ síbẹ̀, ìyàwó sì ń retí Alfred, olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ni arò bá yí padà di pólíkà, ijó ayára: ẹnu ń sunkún, ẹsẹ̀ ń jó. Bí akọrin bá ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀, adùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Julia Varady, tó ṣe Rosalinde, kọ arò náà bí ẹni tọ́kàn rẹ̀ gbọgbẹ́ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí pólíkà náà fi ń já luni lójijì. Hermann Prey (Eisenstein) àti Lucia Popp (Adele) wá gbè é rẹ́gí.

Agogo mẹ́fà tó dún nínú orin ìṣíde, ẹ fi í sọ́kàn. Ìparí apá kejì la ó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀: aago mẹ́fà òwúrọ̀ ti lù, Eisenstein gbọ́dọ̀ sáré lọ sẹ́wọ̀n.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohùn obìnrin ni Strauss kọ ipa Ọmọọba Orlofsky fún, àmọ́ Ivan Rebroff, ọkùnrin tó ń fi ohùn òkè kọrin, ni wọ́n fún. Ohùn náà ń há etí, ó sì ń fa ọkàn kúrò nínú eré. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, kó wá fídíò tí Kleiber darí ní Munich kan náà lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá. Brigitte Fassbaender ni Orlofsky níbẹ̀, ipa náà sì bá a mu pátápátá.