Ìrora Inú Tí Kì Í Dúró Sójú Kan: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Kókó Olómi

Bí obìnrin kan bá bi mí léèrè bí kókó olómi inú ilé ẹyin ṣe máa ń dunni, èmi náà yóò bi í pé ọjọ́ wo nínú oṣù ni ó ń béèrè, nítorí pé ìrora yìí kì í jọ ara rẹ̀ lánàá àti lónìí. Nígbà mìíràn yóò wúwo sí ìsàlẹ̀ ikùn, nígbà mìíràn yóò gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, yóò sì gba ìbàdí sọ̀kalẹ̀ wọ itan. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò tilẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n tí ikùn mi yóò wú, tí n óò sì máa tọ̀ lemọ́lemọ́.

Ní Adó-Èkìtì tí mo ń gbé, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n ní ìju ni. Àyẹ̀wò ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ni ó là á yé wa pé àpò omi ni, pé ara ilé ẹyin ni ó wà, kì í ṣe ara ilé ọmọ tí ìju máa ń hù sí. Dókítà ní kí n má kánjú sí iṣẹ́ abẹ, nítorí pé lára obìnrin tí ó ṣì ń rí nǹkan oṣù, èyí tí kò tó sẹ̀ńtímítà 5 sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù bíi mélòó kan, kí n sáà padà wá ya àwòrán mìíràn. Irú kan wà tí kì í lọ, tí wọ́n sì máa ń bá irun àti ọ̀rá nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí irun yẹn di ẹjọ́ ru ìyá àgbà kankan. Inú ẹyin obìnrin ni ohun tí ń di irun, awọ àti eyín ti ń wá, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé.

Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé sí, pẹ̀lú ibi tí ó ń dùn mí, ohun tí mò ń ṣe nígbà náà, àti oògùn tí mo lò. Ìwé náà ni ó fi hàn mí pé ìrora mi máa ń le sí i ní àárín oṣù, àti lẹ́yìn tí mo bá gún iyán. Ẹni tí ó bá mọ ilé wa ní Èkìtì yóò mọ̀ pé kò rọrùn fún ìyàwó ilé láti gbé ọmọ odó fún ẹlòmíràn. Ìyá ọkọ mi wò mí títí nígbà tí àbúrò ọkọ mi gba odó lọ́wọ́ mi, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, ara ni kò gbà á.” Nígbà tí mo ka ìwé náà sí wọn létí, àwọn gan-an ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà wá sídìí odó.

Mo máa ń fi aṣọ wé ike omi gbígbóná, n óò gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn. Parasitamọ́ọ̀lù tó mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ibuprofen ní tirẹ̀, ẹ má lò ó láìjẹun, ẹni tí ó sì ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ dédé lò ó. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, mo yẹra fún un pátápátá.

Ṣùgbọ́n ìrora kan wà tí kì í ṣe ti ìwé kíkọ. Bí ó bá ṣàdédé le kọjá ohun tí ó ti mọ́ yín lára, tí èébì, ibà tàbí òòyì tẹ̀ lé e, ilé ẹyin lè ti lọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, tàbí kí kókó náà ti bẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú. Ó tún lè jẹ́ apẹ́ńdíìsì, tàbí oyún tí kò sí nínú ilé ọmọ, pàápàá bí nǹkan oṣù bá ti yẹ̀. Ẹ má ṣe gun ọ̀kadà, ẹ má sì dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ wá mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Irú rẹ̀ wà ní Adó, ó sì wà ní Ìdó-Èkìtì.

Àwọn ìyá wa tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró kò gbọdọ̀ fi sùúrù tí dókítà ní kí n ṣe ṣe àwòkọ́ṣe. Bí àyẹ̀wò bá rí kókó nínú ilé ẹyin wọn, kí wọ́n tètè gbé àbájáde náà lọ bá dókítà tí ń tọ́jú àìsàn obìnrin, bí kò tilẹ̀ dùn wọ́n rárá.